Okùn Mẹ́rin, Ohùn Mẹ́ta: Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí Olùkọ́ Yorùbá Kọ́ Yukulélé

Ìfáárà

Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá kan tí kò mọ̀ pé ohùn ni ẹ̀mí èdè wa. Bí a bá yọ ohùn kúrò lára ọ̀rọ̀, egungun lásán ni ó kù. Síbẹ̀, apá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún jù lọ nínú iṣẹ́ wa ni apá yìí kan náà. Ẹni tí ó bá ti yẹ ìwé ìdánwò wò, yálà ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tàbí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbaradì fún ìwé-ẹ̀rí NCE, yóò jẹ́rìí sí i pé bí ẹni ń fọ́n ọkà fún adìẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń fọ́n àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀: ibi tí ó bá bọ́ sí ni ó bọ́ sí. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ èdè. Ọmọ tí ó ń pe ọkọ́ àti ọkọ̀ lẹ́nu láìṣìṣe ni kò mọ èyí tí yóò fi àmì òkè sí nígbà tí ó bá mú kálàmù. Etí rẹ̀ gbọ́, ẹnu rẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò rí ohun tí etí gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àwa olùkọ́ Yorùbá ni pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí a yà sọ́tọ̀ fún Yorùbá nínú àtẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ nìkan ni ó kù wá kù. Ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká, tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀ nílé, tí a tún ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní kíláàsì, kò ní ibòmíràn tí etí rẹ̀ yóò ti là sí ohùn Yorùbá bí kò ṣe ọ̀dọ̀ wa. A kò gbọdọ̀ fi ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ṣòfò.

Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí kò pọ̀. Mo ní ó yẹ kí gbogbo ẹni tí yóò di olùkọ́ Yorùbá kọ́ ohun èlò orin kékeré kan tí ó ní okùn, kí ó tó jáde kúrò lọ́wọ́ wa. Èyí tí mo sì rò pé ó rọrùn jù lọ fún ẹni tí kò fọwọ́ kan ohun èlò orin rí ni jìtá kékeré olókùn mẹ́rin tí a ń pè ní yukulélé.

Ṣé ohun àjèjì ni?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò bi mí ni pé: kí ni ti yukulélé nínú iṣẹ́ Yorùbá? Ṣé a kò ní gángan? Ṣé a kò ní agídìgbo? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀.

Lóòótọ́, òkèèrè ni yukulélé ti wá. Àwọn Potogí tí wọ́n ṣí láti erékùṣù Madeira lọ ṣiṣẹ́ oko ìrèké ní Hawaii ní ọdún 1879 ni wọ́n gbé irú jìtá kékeré tí wọ́n ń ta nílé wọn dé ibẹ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó wà lára wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi erékùṣù náà gbẹ́ ẹ, àwọn ará Hawaii sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn túmọ̀ sí ‘eégbọn tí ń fò’, nítorí bí ìka ṣe ń fò káàkiri lórí okùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn orin tiwa. Nígbà tí orin jùjú ń rúwé ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940, báńjò ni Túndé King ń ta, ohun èlò tí awọ bo ojú rẹ̀ bí ìlù, tí okùn sì wà lórí rẹ̀. Àyìndé Bákàrè, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ His Master's Voice ní ọdún 1937, yukulélé-báńjò ni ó kọ́kọ́ fi ń ṣeré. Ní ọdún 1949 ni ó tó yí sí jìtá tí ẹ̀rọ ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí ìtàn jùjú sì sọ fún wa pé ọdún 1948 ni Akanbi Ege mú gángan wọ inú ẹgbẹ́ jùjú. Èyí ni pé nínú orin jùjú, okùn ti wọlé kí gángan tó wọlé. Orin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Yorùbá lónìí ti jókòó ti yukulélé kí ó tó jókòó ti àyàn.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa níhìn-ín, a kò lè sọ̀rọ̀ okùn kí a gbàgbé King Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó. Jìtá onírin tí a ń gbé dùbúlẹ̀ ta, tí ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí omi, èyí tí ó gba àfiyèsí ayé nínú àwo rẹ̀ ti ọdún 1982, Hawaii kan náà ni irú rẹ̀ ti ṣẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé orin Sunny Adé kì í ṣe Yorùbá nítorí ìyẹn. Gòjé pàápàá, tí ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú orin sákárà, láti ilẹ̀ Haúsá ni ó ti bá wa. Bí ohun èlò bá dé ọwọ́ Yorùbá, tí ó sì sọ ohun tí Yorùbá fẹ́ sọ, ó ti di ọmọ ilé.

Ohun tí okùn lè ṣe nínú kíláàsì

Gbogbo wa ni a máa ń fi dò, re, mí kọ́ ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Ìlànà tí ó dára ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnu olùkọ́ nìkan ni a gbé e lé. Bí olùkọ́ bá rẹ̀, bí ọ̀fìnkìn bá ń dà á láàmú, tàbí bí òun fúnra rẹ̀ kò bá mọ orin kọ, dò òwúrọ̀ lè máà jẹ́ dò ọ̀sán mọ́. Okùn kì í rẹ̀. Bí a bá ti yí i sí ohùn rẹ̀, ohun kan náà ni yóò máa sọ fún ọmọ ogójì nínú kíláàsì kan.

Àǹfààní kejì ni pé ọmọ ń rí ohùn pẹ̀lú ojú. Lára ọrùn yukulélé ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí wọ́n dábùú, tí wọ́n pín in sí àyè kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú okùn kẹta, èyí tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù. Bí ẹ bá ta á láìtẹ ibì kankan, dò nìyẹn. Bí ẹ bá tẹ àyè kejì rẹ̀, re ni yóò jáde. Bí ẹ bá tẹ àyè kẹrin, mí ni. Ohùn mẹ́ta lórí okùn kan ṣoṣo! Ọmọ yóò rí i kedere pé òkè wà lókè, ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀, àárín sì wà láàrin. Ohun tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣàlàyé láti ọjọ́ pípẹ́ yóò di ohun tí ìka ń gùn bí àkàbà.

Kíyè sára níbi kan. Àwọn okùn yukulélé kò tò láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè bí ti jìtá ńlá. Bí a bá kà wọ́n láti apá àgbọ̀n ẹni tí ó gbé e dání lọ sí apá ilẹ̀, só, dò, mí, lá ni wọ́n, só àkọ́kọ́ yìí sì ga ju dò àti mí lọ. Olùkọ́ tí kò bá mọ èyí yóò rò pé okùn tí ó súnmọ́ òun jù ni ó rẹlẹ̀ jù, yóò sì ṣi gbogbo kíláàsì lọ́nà.

Orúkọ ìlú ni mo gbà pé ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ọmọ tí kò mọ orúkọ ìlú rẹ̀. Àkúrẹ́ ni dò mí mí. Ọ̀wọ̀ ni dò dò. Ìdànrè ni dò dò dò. Ìkàrẹ́ ni dò dò mí. Alágbàká ni re mí dò mí. Oǹdó ńkọ́? Ibí yìí ni okùn ti ń ṣiṣẹ́ tí pátákó kò lè ṣe. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n rò pé sílébù méjì ni Oǹdó ní, nítorí náà wọn kì í fi àmì kankan sórí ‘n’ tí ó wà láàrin rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n ta á lórí okùn, ọwọ́ wọn yóò ta á lẹ́ẹ̀mẹta: re, dò, mí. Ìka ni yóò kọ́ wọn pé sílébù tí ó dá dúró ni aránmúpè náà, àti pé òun náà ní ohùn tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n ta ‘Yorùbá’. Re, dò, mí kan náà ni! Ọmọ Oǹdó tí ó bá gbọ́ pé orúkọ ìlú òun àti orúkọ èdè òun bá ara wọn mu lóhùn kò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Láti ibẹ̀ ni a ó bọ́ sórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, igba, igbá, igbà, ìgbà, ìgbá. Olùkọ́ yóò ta ohùn, ọmọ yóò kọ ọ̀rọ̀. Ọmọ yóò ta ohùn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi àmì sí i. Ìdánwò nìyí tí kò mú ìbẹ̀rù lọ́wọ́.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé ohùn èdè àti ohùn orin jẹ́ ọ̀kan náà. Dò inú orin ní ibi kan pàtó tí ó dúró sí. Ohùn ìsàlẹ̀ inú èdè kò ní. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lè ga ju ohùn òkè bàbá rẹ̀ lọ, síbẹ̀ a ó gbọ́ ara wa yé, nítorí pé ìfiwéra ni ohùn èdè. Bákan náà, nínú gbólóhùn gígùn tí ohùn ìsàlẹ̀ bá ń wà láàrin àwọn ohùn òkè, díẹ̀díẹ̀ ni ohùn òkè máa ń rẹlẹ̀ sí i títí gbólóhùn yóò fi parí. Okùn kò ní ṣe èyí fún wa fúnra rẹ̀. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé àkàbà ni dò, re, mí jẹ́, kì í ṣe ilé.

Ohun kejì ni ohùn tí ń yọ̀. Bí ohùn òkè bá tẹ̀lé ìsàlẹ̀, ó máa ń yọ́ gòkè ni. Kì í fò. Gángan mọ èyí í ṣe ju ohun èlò yòówù lọ, nítorí pé onílù lè fún ọṣán rẹ̀ mọ́ra tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́ bí ó bá ti fẹ́. Lórí yukulélé, ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ báyìí: ẹ fi dò sí àyè kejì lórí okùn kẹta, kí re wà ní àyè kẹrin, kí mí sì wà ní àyè kẹfà. Ẹ ta àyè kejì, kí ẹ sì wọ́ ìka gòkè lọ sí àyè kẹfà láìgbé e kúrò. Yóò jọ ọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ bí èdè Yorùbá ṣe ń dún lára ohun tí kì í ṣe ènìyàn, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Àyàn ni kí ó lọ.

Kí wá ni kò jẹ́ kí n sọ pé gángan ni kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́? Àkókò ni. Àwọn ọmọ Àyàn pàápàá, tí a bí sídìí ìlù, kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyáàlù. Ìlù kéékèèké ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì ń lò kí wọ́n tó gbé ìyáàlù kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní ọdún mẹ́ta péré, ó sì ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ó bá ń ta okùn fún oṣù méjì yóò ti lè fi kọ́ ohùn mẹ́ta láìtàsé. Yukulélé kò gba ipò gángan. Ó ń la etí sílẹ̀ dè é ni.

Bí a ṣe ń yàn án

Ẹni tí yóò ra ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí ohun ìṣeré ọmọdé tí a kùn lọ́dà pọ̀ lọ́jà tí a ń tà lórúkọ yukulélé.

Ìwọ̀n mẹ́rin ni wọ́n wọ́pọ̀ sí. Èyí tí ó kéré jù tó ínǹṣì 21 ní gígùn, èyí tí ó tẹ̀lé e tó 23, ẹ̀kẹta tó 26, èyí tí ó tóbi jù tó 30. Èyí tí ó kéré jù dára fún ọwọ́ ọmọdé. Fún àgbàlagbà tí ìka rẹ̀ nípọn díẹ̀, mo fara mọ́ ti ínǹṣì 23. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó tóbi jù, nítorí ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń yí okùn tirẹ̀.

Ẹ yẹ àwọn ìṣó tí a fi ń yí okùn wò. Bí ẹ bá yí i tán, tí ó ń dẹ̀ fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé okùn tuntun máa ń fà fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó fara balẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹ wo àlàfo tí ó wà láàrin okùn àti ọrùn. Bí okùn bá ga jù, ìka yóò máa ro yín, ohùn yóò sì ṣì bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ta okùn kan láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá tẹ àyè kejìlá rẹ̀, kí ẹ tún ta á. Dò ìsàlẹ̀ àti dò òkè ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ sí ara wọn. Bí èkejì bá yà díẹ̀, irọ́ ni ohun èlò náà yóò máa pa títí láé, kò sì sí bí ohun èlò òpùrọ́ ṣe lè kọ́ ọmọ ní ohùn òdodo.

Ní ti igi, èyí tí a fi pákó pẹlẹbẹ lẹ̀ mọ́ra wọn ṣe kì í dún tó èyí tí a fi ojúlówó pákó kan ṣoṣo ṣe, ṣùgbọ́n ó ń fara da ọyẹ́ jù ú lọ. Ojúlówó pákó lè sán nígbà ọyẹ́ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Fún ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí ó ń fara dà á ni kí ẹ rà. Okùn ọ̀rá ni kí ó wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ yọ okùn onírin láti ara jìtá sí i lè fa ojú rẹ̀ ya.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lọ. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, yíyí okùn sí ohùn rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ́. Ètò tí ń ran ni lọ́wọ́ láti ṣe é wà lórí fóònù báyìí, ọ̀pọ̀ wọn ni a kì í sanwó fún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta, ẹ dúró sórí okùn kẹta, kí ẹ máa ta dò, re, mí, kí ẹ sì máa fi ta orúkọ ara yín, ti ìlú, àti òwe tí ẹ bá mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó bọ́ sórí títa okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, èyí tí àwọn olórin ń pè ní kọ́ọ̀dù. Tí C rọrùn jù: ẹ tẹ àyè kẹta lórí okùn kìíní, èyí tí ó súnmọ́ ilẹ̀ jù, ìka kan ṣoṣo. Tí F gba ìka méjì: àyè kejì lórí okùn kẹrin, àyè kìíní lórí okùn kejì. Tí G7 gba mẹ́ta: àyè kejì lórí okùn kẹta àti okùn kìíní, àyè kìíní lórí okùn kejì. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́ta yìí ti lè gbe orin àlọ́ àti orin ìṣeré òṣùpá lẹ́yìn. Orí ìka yóò kọ́kọ́ máa dùn yín. Yóò le fúnra rẹ̀ láìpẹ́.

Ìkìlọ̀ kan ṣe kókó fún àwa olùkọ́ èdè. Bí ẹ bá fẹ́ fi orin kọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí orin náà tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. A mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin ìsìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀rọ̀ rere di ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ lẹ́nu ìjọ. T. K. Ekundayo Phillips, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips tí ó ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kọ ìwé lórí bí orin Yorùbá àti ọ̀rọ̀ sísọ ṣe so kọ́ra ní ọdún 1953. Ẹ má jẹ́ kí yukulélé dá wa padà sẹ́yìn ibi tí bàbá yẹn gbé wa dé.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ̀ka wa ṣe

Àkọ́kọ́, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ra ìwọ̀nba díẹ̀, bóyá márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ó sì máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lò bí a ṣe ń yá wọn níwèé. Èkejì, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ọjà àpàpàǹdodo. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ru ẹrù owó tí ó wúwo tó. Olùkọ́ tí ó bá lọ sọ pé ẹni tí kò bá ra yukulélé lọ́wọ́ òun kò ní yege ti ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a bá ẹ̀ka orin ṣe é pọ̀ níbi tí ó bá wà. Ẹ̀kẹrin, kí a máa pe onílù ọmọ Àyàn wá sí kíláàsì lẹ́ẹ̀kan ní sáà, kí a sì sanwó fún un bí a ṣe ń sanwó fún ọ̀mọ̀wé, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ ibi tí okùn kò dé. Ẹ̀karùn-ún, kí a jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ohun èlò kọ́ni níwájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan yóò sọ pé ohun tí ìjọba bàjẹ́, okùn mẹ́rin kò lè tún un ṣe. Òótọ́ ni. Yukulélé kò lè yí òfin padà, kò sì lè mú òbí tí ó kórìíra èdè rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ni ó ń dúró níwájú ọmọ ogójì ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì kan lọ́wọ́; àwa ni. Bí ìṣẹ́jú tí ó kù fún wa bá kéré, ó di dandan kí ohun tí a bá ṣe nínú rẹ̀ wọ ọmọ létí, kí ó sì dúró síbẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi ìka ara rẹ̀ ta Yorùbá ní re, dò, mí ti mọ ohun kan nípa èdè rẹ̀ tí ìkéde kankan láti Àbújá kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.